ÀPÁ KÌ Í JỌ ARA: ÌGBÉSÍ-AYÉ LẸ́YÌN INFULÚẸ́ŃSÀ LÍLE, LÁTI ÌGBÀ LÙKÚLÙKÚ TÍTÍ DI ÒDE ÒNÍ

Ìfáárà

Nígbà tí ènìyàn bá yọ nínú ewu ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ará ilé àti ojúlùmọ̀ a máa kí i pé, "Àwòdì, ẹ kú ewu." Ìdáhùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé ewu iná kì í pa àwòdì. Ẹyẹ tí òwe yìí ń tọ́ka sí a máa rà bàbà lókè nígbà tí pápá bá ń jó. Iná ń ké nísàlẹ̀, èéfín ń rú, ṣùgbọ́n àwòdì a sọ̀ kalẹ̀, a gbé eku tàbí alángbá tí ó ń sá fún iná, a sì fò lọ láìsí pé ìyẹ́ kan ṣoṣo jó lára rẹ̀. Kíkí náà dára, ọpẹ́ sì kún inú rẹ̀. Síbẹ̀, ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀: ǹjẹ́ gbogbo ẹni tí iná kò pa ni iná kò jó?

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò ṣe aláìmọ ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Bí a bá sọ pé ara aláìsàn ti yá, a kò tíì sọ pé ara rẹ̀ le. Bí a bá ní ara rẹ̀ ń kọ́fẹ padà, ohun tí a ń sọ ni pé ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Ènìyàn lè ti kúrò lórí ẹní àìsàn kí ó má tíì mókun. Òwe tí ó sì kó gbogbo rẹ̀ já ni èyí tí ó sọ pé àpá kì í jọ ara. Ọgbẹ́ lè jiná, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ yóò yàtọ̀ sí ibi tí ọgbẹ́ kò dé rí.

Infulúẹ́ńsà ni àrùn tí a ó fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní ọ̀fìnkìn lásán, wọn a sì máa fojú kékeré wò ó, nítorí pé lára ẹni púpọ̀ kì í ju ibà, ikọ́ àti ara ríro ọjọ́ mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn a máa sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró, a máa dí ọ̀nà èémí, a sì sọ ènìyàn di ẹni tí kò lè mí mọ́ àfi bí ẹ̀rọ bá ràn án lọ́wọ́. Ìtàn àrùn yìí nílẹ̀ wa ti gbìyànjú láti ka àwọn tí ó kú. Àwọn tí ó dìde ni kò kà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ó dìde ni ó pọ̀ jù, àwọn sì ni ó ní láti padà sí oko, sí ọjà àti sí ìdí ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe gbé ìyókù ayé wọn jẹ́ apá kan nínú ìtàn tí ó yẹ kí a kọ́, kí a sì fi kọ́ni.

Ọ̀tà, Ìlú Ojú Ọ̀nà

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dà bí ọ̀rọ̀ inú afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi ìdí rẹ̀ kalẹ̀ sí ibì kan. Ọ̀tà jẹ́ ìlú àwọn Àwórì. Ọlọ́tà ni ọba ibẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ ni ó ti wà lójú ọ̀nà láàrin Èkó àti Abẹ́òkúta, ohunkóhun tí ó bá sì ń ti etí òkun lọ sí òkè, yálà ọjà ni tàbí ìròyìn, tàbí ogun, kò ṣàì kàn án. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì la ọ̀nà ojú irin láti Ìdó, tí ó gba Agége, Ìjókòó àti Ifọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ẹ̀bá Ọ̀tà ni ọkọ̀ náà ń gbà kọjá.

Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, ìsúnmọ́ Èkó yìí kan náà ni ó sọ Ọ̀tà di ohun tí ó dà lónìí. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ń pọ̀ sí i ní Ọ̀tà, ní Ṣàngó àti ní Agbára: ilé-iṣẹ́ irin, ti ike, ti ohun mímu, ti oògùn àti ti ohun ìṣaralóge. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ti gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà wá, títí kan àwọn tí ń ti orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò wọlé. Oríta Ṣàngó kì í sùn. Ìlú tí ó fi agbára apá àwọn ènìyàn ṣe ìpìlẹ̀ ọrọ̀ rẹ̀ ni. Nítorí náà, kò sí ibi tí ìbéèrè nípa ẹni tí ara rẹ̀ yá tí kò le ti yẹ kí ó jẹ àwọn ènìyàn lógún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lùkúlùkú ti Ọdún 1918

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1918, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ sí òpin, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Mantua gbé infulúẹ́ńsà dé Freetown ní Sierra Leone. Láti ibẹ̀, àrùn náà ń bá ọkọ̀ lọ láti èbúté dé èbúté. Ó dé Accra. Ní àárín oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Bida gbé e wọ Èkó. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti gba ìlú kan. A ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn pa, àwọn wolé-wolé sì ń lọ láti ilé dé ilé láti wá aláìsàn kiri.

Ìbẹ̀rù ikú àti ìbẹ̀rù wolé-wolé pa pọ̀ mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kúrò ní Èkó. Àwọn kan gba ojú omi, àwọn mìíràn sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú baba wọn. Wọ́n rò pé àwọn ń sá fún àrùn, wọn kò mọ̀ pé àwọn gbé e dání ni. Ojú irin tí ó ń kó ẹ̀kùrọ́ àti kòkó wá sí èbúté ni ó wá ń kó infulúẹ́ńsà lọ sí òkè, gba ẹ̀bá Ọ̀tà, dé Abẹ́òkúta, dé Ìbàdàn, títí tí ó fi dé ilẹ̀ Haúsá.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá pe àrùn náà ní lùkúlùkú, àwọn àgbàlagbà a sì máa fi ka ọjọ́ orí pé ọdún lùkúlùkú ni wọ́n bí lágbájá. Àwọn tí ń sin adìẹ mọ orúkọ yìí dáadáa, nítorí pé òun náà ni wọ́n ń pe àrùn tí í wọ inú agbo adìẹ, tí yóò sì pa wọ́n lọ bẹẹrẹ kí olówó wọn tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Orúkọ tí àwọn ènìyàn fún ohun kan máa ń fi ohun tí wọ́n rí hàn. Ohun tí wọ́n rí ní ọdún 1918 ni ikú òjijì, ikú ọ̀pọ̀, ikú tí kò bọ̀wọ̀ fún ọ̀dọ́. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ogún ọdún sí ogójì ọdún, tí ó jẹ́ pé àwọn gan-an ni ọ̀pá ìdílé, ni ó kú jù káàkiri ayé. Orúkọ náà sọ̀rọ̀ nípa òkú. Kò sọ ohunkóhun nípa adìẹ tí àrùn mú tí kò kú.

Òpìtàn Don Ohadike, tí ó ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, fojú bu iye àwọn tí ó kú ní Nàìjíríà sí nǹkan bí 500,000 nínú ènìyàn bí 18,000,000. Ó sì gbà pé, ó kéré tán, ìdajì àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè náà ni àrùn mú. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré lórí rẹ̀. Ìdajì 18,000,000 jẹ́ 9,000,000. Bí a bá yọ 500,000 tí ó kú kúrò, yóò ku 8,500,000 tí àrùn náà dá dùbúlẹ̀ tí wọ́n sì dìde. Èyí ni pé fún òkú kọ̀ọ̀kan, ènìyàn bí 17 ni ó dìde. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo wọn ni àrùn náà nà dé bèbè ikú. Ṣùgbọ́n bí ìdá kan nínú mẹ́wàá wọn ṣoṣo bá ti dé bèbè náà, iye wọn yóò ju iye àwọn tí ó kú lọ.

Àwọn Tí Ó Dìde

Kò sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe nígbà náà. Ọdún 1928 ni a tó rí pẹnisilíìnì, ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ sì tó rí kòkòrò infulúẹ́ńsà tí ó ń mú ènìyàn. Àgbo, omi gbígbóná, àdí, ẹ̀kọ mímu àti ìtọ́jú ìyá tàbí aya ni ọ̀pọ̀ fi là á já. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá kọ iṣẹ́ pátápátá kú. Àwọn tí ó kù dìde pẹ̀lú ara tí kò jọ ti àtẹ̀yìnwá.

Ìtàn fi àmì èyí hàn ní ọ̀nà púpọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Norway, níbi tí àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn pé pérépéré, onímọ̀ Svenn-Erik Mamelund rí i pé láàrin ọdún mẹ́fà tí ó tẹ̀lé àjàkálẹ̀ náà, iye àwọn tí a ń gbà sí ilé ìwòsàn ọpọlọ nígbà àkọ́kọ́ tí a sì sọ pé infulúẹ́ńsà ni ó fà á fi ìlọ́po bíi méje pọ̀ sí i. Ní Amẹ́ríkà, Douglas Almond fi hàn ní ọdún 2006 pé àwọn ọmọ tí ó wà nínú oyún nígbà àrùn náà kàwé kéré sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, àìlera ara sì pọ̀ láàrin wọn nígbà tí wọ́n dàgbà. Àpá lùkúlùkú tipa báyìí hàn lára ọmọ tí kò tíì dé ayé nígbà tí àrùn jà.

Ní Nàìjíríà níbí, oko ni àmì rẹ̀ ti hàn. Nínú ìwádìí kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1981, Ohadike yìí kan náà ṣàlàyé bí ìpàdánù àwọn òṣìṣẹ́ oko àti àìtó oúnjẹ lẹ́yìn àrùn náà ṣe mú kí àwọn ènìyàn ìsàlẹ̀ odò Ọya, ní apá ilẹ̀ Ígbò, gba gbágùúdá tọwọ́tẹsẹ̀. Iṣu fẹ́ agbára. Ó fẹ́ ebè kíkọ, ó fẹ́ ọ̀pá rírì, ó fẹ́ àmójútó ní àkókò rẹ̀. Gbágùúdá kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Ó lè dúró nínú ilẹ̀ de ẹni tí agbára rẹ̀ kò pé. Nígbà tí ọwọ́ tí ń kọ ebè bá dín kù, tí èyí tí ó kù sì rọ, oúnjẹ inú àwo gbọ́dọ̀ yí padà.

Nínú ẹ̀sìn pẹ̀lú, ẹni tí ó dìde ní ipa tí ó kó. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1918, àwọn kan nínú ìjọ St. Saviour's dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀, Joseph Shadare sì ni aṣáájú wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, tí infulúẹ́ńsà ti dá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, dìde kúrò lórí àìsàn náà pẹ̀lú ìkéde pé omi òjò àti àdúrà yóò wo àwọn aláìsàn sàn. Ẹgbẹ́ yìí ni a wá mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Wọ́n kúrò nínú Ìjọ Áńgílíkà ní ọdún 1922, nínú ìran wọn ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi sì ti jáde wá. Ohunkóhun tí ènìyàn ìbáà rò nípa omi òjò, òpìtàn kò gbọdọ̀ gbójú fo ohun kan: ẹgbẹ́ àdúrà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì le ní àwọn tí yóò yí i ká, tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì máa pe orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Irú àtìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwùjọ Yorùbá. Àáró wà, nínú èyí tí àwọn ẹgbẹ́ ń bá ara wọn ro oko ní àtòlé-ara-wọn. Ọ̀wẹ̀ wà, tí àwọn àna àti ọ̀rẹ́ fi ń ṣe iṣẹ́ ńlá fún ẹnì kan lọ́jọ́ kan. Èsúsú wà fún ọ̀rọ̀ owó. Ètò wọ̀nyí kò jẹ́ kí oko ẹni tí ó ń kọ́fẹ padà di igbó kí ara rẹ̀ tó le. Kò sí ẹni tí ń béèrè ìwé ẹ̀rí dókítà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tí ó rí i ni ẹ̀rí.

Bí Yàrá Ìtọ́jú Àkànṣe Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Títí di àárín ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ ẹni tí kò bá lè mí ni ó ń kú. Ọdún 1952 ni ọ̀rọ̀ yí padà, ní ìlú Copenhagen ní orílẹ̀-èdè Denmark. Kì í ṣe infulúẹ́ńsà ni ó ń jà níbẹ̀, bí kò ṣe àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, èyí tí ó ń sọ iṣan tí ènìyàn fi ń mí di aláìlágbára. Nínú àwọn tí ó dé ilé ìwòsàn Blegdam láìlè mí dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, ju 8 nínú 10 lọ ni ó ń kú. Dókítà Bjørn Ibsen, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, dá a lábàá pé kí a lu ihò sí ọ̀fun aláìsàn, kí a ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, kí a sì máa fi ọwọ́ fún afẹ́fẹ́ láti inú àpò rọ́bà sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Kò sí ẹ̀rọ tí ó tó fún iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bí 1,500 ni ó gbà á lọ́wọ́ ara wọn, tọ̀sán-tòru, wọ́n jókòó tì àwọn aláìsàn, wọ́n ń fún àpò rọ́bà náà. Ikú dín kù gidigidi. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Ibsen dá yàrá kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó wà ní bèbè ikú, níbi tí a ó ti máa ṣọ́ wọn láìṣẹ́jú. Ibẹ̀ ni ohun tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni infulúẹ́ńsà líle kò ti jẹ́ ìdájọ́ ikú fún gbogbo ẹni tí ó bá gba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tuntun bí irú ènìyàn tuntun: ẹni tí ìbá ti kú ní ọdún 1918, tí kò kú mọ́, tí ó sì ń lọ sí ilé pẹ̀lú ara tí kò sí ìran tí ó mọ̀ ọ́n rí.

Ohun Tí Ó Ń Tẹ̀lé Ìwòsàn

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn oníṣègùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ènìyàn wọ̀nyí dé ilé. Iye àwọn tí ó jáde láàyè ni wọ́n ń kà. Ní ọdún 2003, Margaret Herridge àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto, ní Canada, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 109 tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti kọ iṣẹ́ nítorí oríṣiríṣi àìsàn, tí wọ́n sì là á já. Nígbà tí wọ́n ń kúrò ní yàrá ìtọ́jú, ara wọn ti fọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti pàdánù ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn. Lẹ́yìn ọdún kan, bí ìdajì wọn péré ni ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá ní kí wọ́n rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, ibi tí wọ́n ń rìn dé kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ibi tí ẹgbẹ́ wọn ń dé. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹ̀dọ̀fóró wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sípò, ṣùgbọ́n agbára ìrìn wọn kò padà tán. Ìwádìí mìíràn ní ilẹ̀ Faransé, lórí àwọn tí infulúẹ́ńsà ọdún 2009 gbé dé ojú ikú, rí i pé lẹ́yìn ọdún kan, bí ìdajì wọn ni èémí ń kúrú fún nígbà tí wọ́n bá ṣe ohun tí ó gba agbára.

Kí ni ó fa èyí? Iṣan ara dà bí àdá: bí a kò bá lò ó, ìpẹtà yóò mú un. Aláìsàn tí a kùn lóorun fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kò mira, oúnjẹ ń gba inú ọ̀pá wọlé, àrùn fúnra rẹ̀ sì ń jẹ iṣan. Nígbà tí ó bá jí, gbígbé ṣíbí dé ẹnu lè di iṣẹ́. Ti ọkàn tún wà níbẹ̀. Oògùn oorun, ibà àti àìtó afẹ́fẹ́ máa ń mú kí aláìsàn rí ohun tí kò sí: ó lè rò pé wọ́n dè é mọ́lẹ̀, tàbí pé àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ fẹ́ pa á. Àlá náà lè máa padà wá fún oṣù púpọ̀. Iyè lè rà. Ẹni tí ó ń ṣe ìṣirò owó tẹ́lẹ̀ lè máa gbàgbé ohun tí ó wá rà lọ́jà. Àwọn ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú kì í bọ́ nínú ìpayà náà kíákíá.

Ní ọdún 2012 ni àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde tí ó fún àkópọ̀ ìṣòro ara, iyè àti ọkàn yìí ní orúkọ kan ṣoṣo. Ní èdè Yorùbá, kò sí orúkọ tí ó yẹ ẹ́ ju "àpá ìtọ́jú àkànṣe" lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò dá ìtọ́jú lẹ́bi. Àpá kì í wà níbi tí ọgbẹ́ kò jiná sí. Ó kàn ń rán wa létí pé ara yíyá kì í ṣe òpin ìtàn.

Àwọn orílẹ̀-èdè apá àríwá Yúróòpù tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àṣà kan tí ó yẹ kí ó wu àwọn olùkọ́ èdè. Nígbà tí aláìsàn bá ń sùn, àwọn nọ́ọ̀sì àti ará ilé a máa kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sínú ìwé kékeré kan: ẹni tí ó wá kí i, ọjọ́ tí ibà rọlẹ̀, ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ la ojú. Nígbà tí ó bá jí, yóò ka ìwé náà, yóò sì lè ya ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àlá burúkú. Ìtàn sísọ di oògùn.

Ṣàngó-Ọ̀tà Lónìí

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí Ọ̀tà. Ní ọdún 2006, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí a ti rí infulúẹ́ńsà ẹyẹ tí a ń pè ní H5N1. Ó ba oko adìẹ púpọ̀ jẹ́, ní oṣù kìíní ọdún 2007 obìnrin kan sì kú nípasẹ̀ rẹ̀ ní Èkó. Lùkúlùkú adìẹ àti lùkúlùkú ènìyàn tún fẹ́ pàdé. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn kòrónà, tí kì í ṣe infulúẹ́ńsà ṣùgbọ́n tí ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jà bí tirẹ̀, ti wọ Nàìjíríà. Àlejò kan tí ó ti Ítálì wá, tí iṣẹ́ sì gbé e dé Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ó kọ́kọ́ hàn lára rẹ̀. Ewékorò kò jìnnà sí Ọ̀tà, ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta kan náà ni méjèèjì wà. Ojú ọ̀nà tí ó mú ọrọ̀ wá ni àrùn tún gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí òfin pèsè fún òṣìṣẹ́. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 sọ pé òṣìṣẹ́ tí dókítà bá jẹ́rìí sí àìsàn rẹ̀ lè gba owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ láàrin ọdún kan. Ìwádìí Toronto ní lẹ́yìn ọdún kan gbáko, bí ìdajì ni kò tíì lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Láàrin ọjọ́ 12 àti ọdún kan yẹn ni ìdílé púpọ̀ ti lè wó. Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 wà, ṣùgbọ́n ìpalára àti àrùn tí ó bá ti ìdí iṣẹ́ wá ni ó wà fún. Ta ni yóò sì jẹ́rìí pé ìdí ẹ̀rọ ni òun ti kó infulúẹ́ńsà, kì í ṣe inú ọkọ̀ akérò tàbí yàrá tí òun àti ènìyàn márùn-ún jọ ń sùn? Òfin Ìlera Adójútòfò ti ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ará ìlú. Ó lè gbé ẹrù ilé ìwòsàn fúyẹ́, ṣùgbọ́n kì í san owó ilé, kì í sì í san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ.

Ẹ fojú inú wo òṣìṣẹ́ kan tí ó ń gbé àpò ẹrù ní ṣíìfù alẹ́, tí kò sì ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí ó dúró. Ó ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ó sì bọ́. Àwọn ará ilé ti ta ohun tí wọ́n ní. Ó padà dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù méjì, ó dúró ṣánṣán, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rẹ̀ wò ó, ó rí ọkùnrin tí ara rẹ̀ ti yá. Kò rí i pé èémí rẹ̀ yóò kúrú kí ó tó gbé àpò kẹta. Bí ó bá sinmi, wọn yóò pè é ní ọ̀lẹ. Àpá rẹ̀ kò hàn síta, ohun tí kò bá sì hàn síta, àwùjọ kì í tètè gbà á gbọ́. Ìran àwọn baba wa máa ń sọ pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ tán kí wọ́n tó fi kún un pé ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹni tí a bá fi oògùn kejì dù, kò lè lo ti àkọ́kọ́.

Àwọn kan lè jiyàn pé ní ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò ti rí bẹ́ẹ̀dì ìtọ́jú àkànṣe sùn, ọ̀rọ̀ nípa ìgbésí-ayé lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ olówó. Àríyànjiyàn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn ọdún 1918 dá a lóhùn. Kò sí yàrá àkànṣe nígbà náà, síbẹ̀ àpá wà. Ẹni tí ó la àìsàn ẹ̀dọ̀fóró líle já lórí ẹní nínú yàrá kan ní Ṣàngó lè rù, iṣan rẹ̀ lè rọ, ọkàn rẹ̀ sì lè máa pá a láyà gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí ó lo ẹ̀rọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé kò sí ìwé kan tí ó fi lè fi hàn pé òun dé ojú ikú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan tálákà ju olówó lọ.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí a lè ṣe kì í ṣe ohun tí ó ga ju agbára lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára infulúẹ́ńsà wà fún àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ̀, ó sì sàn kí àrùn má wọlé ju kí a máa lé e jáde lọ. Ilé ìwòsàn lè fún ẹni tí ń lọ sí ilé ní ọjọ́ tí yóò padà wá, kí a tún yẹ agbára rẹ̀, iyè rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ wò. Ilé-iṣẹ́ lè fi iṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún un kí ó tó padà sí ìdí ẹrù. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tí wọ́n jẹ́ àrólé àáró àti èsúsú ní ìlú ilé-iṣẹ́, lè ní owó àfipamọ́ fún ẹni tí ọjọ́ 12 rẹ̀ ti tán tí ara rẹ̀ kò tíì le.

Iṣẹ́ olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni láti tún ojú ìtàn ṣe. Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa lùkúlùkú, kí a má parí ẹ̀kọ́ náà sí 500,000 òkú. Kí a béèrè lọ́wọ́ wọn bí àwọn yòókù ṣe jẹun, ta ni ó bá wọn kọ ebè, ta ni ó gbà wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n ní ó rẹ àwọn. Kí a sì rán wọn lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti ṣàìsàn líle ní àdúgbò wọn, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀. Àwùjọ tí ó bá kọ́ láti béèrè pé, "Ǹjẹ́ ara ti le?" lẹ́yìn tí ó bá ti kí ẹ kú ewu tán, ni àwùjọ tí ó mọ iye tí àwọn alààyè rẹ̀ tó.